Ọlọ tuntun mi ń tú iyanrìn sínú ata, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́_Ìlọrin:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọlọ àti ọmọ ọlọ lọ́jà, nítorí iná tí kò dúró sójú kan ti sọ bílẹ́ńdà di ohun tí a kàn ń wò. Ṣùgbọ́n gbogbo ata tí mo bá lọ̀ lórí ọlọ yìí ni iyanrìn ń wà nínú rẹ̀. Bí a bá ń jẹ ọbẹ̀, á máa rún lábẹ́ eyín. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ti da omi gbígbóná lé e lórí, kò yí padà. Ìyá ọkọ mi ní kí n má gbé e sọ nù, pé ọlọ tuntun ní bí wọ́n ṣe ń tù ú lójú, àmọ́ wọn ò tíì ráyè wá fi hàn mí. Báwo ni kí n ṣe é? Ṣé mo lè lọ ata àti ẹ̀wà lórí ọlọ kan náà? Èwo nínú oúnjẹ wa ló yẹ kí n fi ọlọ lọ̀, èwo sì ni kí n gbé lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ?

Ìyá_Alákàrà (Ìbàdàn):
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ilé. Ìyá ọkọ rẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. A kì í gbé ọlọ dé láti ọjà ká da ata lé e lọ́jọ́ kan náà. Ara òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ṣì kún fún èérún àti hóró wẹ́wẹ́ tí kò dì mú. Ọṣẹ ò lè yọ ìyẹn, lílọ̀ ló ń yọ ọ́.

Fi búrọ́ọ̀ṣì líle àti omi lásán fọ ọlọ àti ọmọ rẹ̀, kí o sá wọn sóòrùn títí wọ́n á fi gbẹ. Wá ìrẹsì tí kò dára fún jíjẹ mọ́, tàbí àgbàdo gbígbẹ tí kòkòrò ti mú. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan sójú ọlọ láìsí omi, kí o lọ̀ ọ́ kárí, dé etí, dé orí, dé ìsàlẹ̀. Àárín nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí máa ń lọ̀, tí ata bá wá ṣàn dé etí ọlọ, iyanrìn ibẹ̀ á bá a lọ. Ìyẹ̀fun àkọ́kọ́ á dúdú. Gbá a kúrò, adìyẹ lè jẹ ẹ́, òkúta wẹ́wẹ́ kì í pa adìyẹ lára. Bu òmíràn, lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, rẹ ìrẹsì sómi, kí o lọ ìyẹn náà ní tútù. Bí o bá ti ń ṣe é lọ, ìyẹ̀fun náà á máa funfun sí i. Mú díẹ̀ sẹ́nu, fi eyín iwájú tẹ̀ ẹ́. Bí o bá ṣì ń gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ṣì kù nìyẹn, má kánjú.

Nígbà tí kò bá rún lábẹ́ eyín mọ́, lọ iyọ̀ oníhóró mọ́ àlùbọ́sà lórí rẹ̀, da ìyẹn nù, ṣan án. Ata ló tẹ̀ lé e.

Ní ti ata àti ẹ̀wà, bí agbára bá wà, ní ọlọ méjì. Ata máa ń wọnú òkúta lọ, ẹ̀wà tí o bá sì lọ̀ tẹ̀ lé e á máa ta ọmọdé lẹ́nu. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan lo ní, ẹ̀wà ni kó ṣáájú, ègúsí tẹ̀ lé e, ata ló gbẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kejì, kí o tó lọ ẹ̀wà, kọ́kọ́ fi ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà kan nu ojú ọlọ, kí o da ìyẹn sínú ọbẹ̀ rẹ.

Ọmọ_Òkè_Ògùn:
Ẹ kú ìdáhùn, mà. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Ṣakí nilé wa, àpáta ló yí wa ká, a sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo òkúta ló ń di ọlọ. Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, kí ẹ tó fi ìrẹsì ṣòfò, ẹ wo òkúta náà dáadáa. Ẹ ta omi sí i lójú. Bí ó bá fa omi náà mu kíákíá, tí ẹ fi ìṣó ha á, tí hóró sì ń bọ́ wálẹ̀, òkúta oníyanrìn ni. Irú èyí ò ní yé tú, bó ti wù kí ẹ lọ ìrẹsì tó. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Akọ òkúta tí hóró rẹ̀ dúdú àti funfun, tí wọ́n sì dì mọ́ra pinpin, ni ẹ ń wá. Yangí rọ̀ jù, kò yẹ fún nǹkan jíjẹ.

Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ fi òkúta kékeré kàn án jẹ́jẹ́. Bí ohùn rẹ̀ bá já gaara, ó le dénú. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, ó ṣeé ṣe kó ti sán níbi tí ojú ò rí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò ni ọmọ ọlọ. Ó ní láti le bí ìyá rẹ̀. Bí ọ̀kan bá rọ̀ ju èkejì lọ, èyí tó rọ̀ ló ń jẹ, iyanrìn rẹ̀ ló sì ń bọ́ sínú ọbẹ̀. Àwọn tó ń tà á lọ́jà máa ń ṣa ọmọ ọlọ látinú òkìtì ọ̀tọ̀, kò dájú pé òkúta kan náà ni. Ẹ yá ọmọ ọlọ aládùúgbò yín, kí ẹ fi lọ ìrẹsì lórí ọlọ tiyín. Bí iyanrìn bá dín, ẹ ti mọ ẹni tó ń ṣe é.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀ṣogbo:
Ẹ̀yìn ríro la ò tíì mẹ́nu bà. Ẹ má gbé ọlọ kalẹ̀ gbalaja kí ẹ máa tẹ̀ kọ́lọ́bọ́ lé e lórí. Nílé àwọn ìyá wa, amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìjókòó ọlọ. Apá ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ nǹkan á ga díẹ̀, apá iwájú á rẹlẹ̀, kí ohun tí a lọ̀ lè máa ṣàn lọ sínú awo fúnra rẹ̀. Nínú ilé tiwa báyìí, búlọ́ọ̀kù àti pákó tó nípọn á ṣe iṣẹ́ yẹn, bí kò bá ṣáà ti mì.

Láti èjìká ni kí agbára ti wá, kì í ṣe ọrùn ọwọ́. Ẹ ti ọmọ ọlọ síwájú pẹ̀lú ìwúwo ara, kí ẹ fà á padà wẹ́rẹ́. Bí ata rodo bá pọ̀, ẹ fi epo pa ọwọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì ti ń ta yín, omi nìkan ò ní gbà á. Epo ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ra á, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ lọ́wọ́, ẹ má fi ọwọ́ yẹn kan ojú ọmọ o.

Tíṣà_Kẹ́mísírì:
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí láìfi bò: ọlọ oúnjẹ, oúnjẹ nìkan ni. Àwọn ilé kan ṣì wà tí wọ́n ń lọ tìróò lórí ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Òkúta tí a fi ń ṣe tìróò sábà máa ń ní òjé nínú. A kì í gbọ́ òórùn rẹ̀, a kì í sì í tọ́ ọ wò lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ohun tó bá sì bà jẹ́ níbẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò. Ojú òkúta kì í ṣe ojú àwo. Ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ á gba nǹkan náà pamọ́.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010. Àwọn tó ń wa góòlù ń fọ́ òkúta, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ nínú agbo ilé, òjé sì pọ̀ nínú òkúta náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà wà lára èyí tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ó kéré tán, 400 ọmọdé ló kú. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè máa béèrè ohun tí ẹ̀rọ àdúgbò yín ti lọ̀ rí.

Ẹ̀rọ náà ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Irin méjì ló ń gbo ara wọn nínú rẹ̀, bí wọ́n bá ti jẹ, èérún irin á máa bọ́ sínú èlùbọ́. Ẹ mú òòfà, ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ fà á káàkiri nínú èlùbọ́ gbígbẹ. Bí nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ gbé e lọ fi han ẹlẹ́rọ, kí ó pààrọ̀ irin rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ tán, ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ èlùbọ́ tiyín ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Àdìó_Eléwé:
Tíṣà, ẹ ṣeun. Ewé àgbo wá ńkọ́? Ní ilé wa, orí ọlọ ata la ti ń lọ ẹfinrin fún inú rírun.

Tíṣà_Kẹ́mísírì:
Ewé tí a ń jẹ, bí ẹfinrin àti ewúro, kò ṣe nǹkan kan. Egbò àti èèpo igi ni kí ẹ yà sọ́tọ̀, àwọn tí ìwọ̀n wọn ṣe pàtàkì. Ẹ wá odó kékeré fún ìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́_Ìlọrin:
Ẹ ṣé gan-an ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ṣe bí Ọmọ_Òkè_Ògùn ṣe wí, mo yá ọmọ ọlọ ìyá àdúgbò wa. Ìyẹ̀fun náà funfun báláú! Ọmọ ọlọ tèmi ló ń tú. Mo ti bẹ ẹni tó tà á fún mi, ó ti fún mi ní èyí tó le, mo sì ti ń fi ìrẹsì tù ú lójú. Ìyá_Alákàrà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ku ìbéèrè mi kẹta.

Ìyá_Alákàrà (Ìbàdàn):
Ó dára bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀wà, torí òun ni iṣẹ́ mi.

Abẹ bílẹ́ńdà ń gé ni, ọlọ ń tẹ̀, ó sì ń gbo. Bílẹ́ńdà kò lè yí láìsí omi tó pọ̀, omi yẹn gan-an ló sì ń ba àkàrà jẹ́. Ẹ̀wà tó bá ṣàn kì í gba afẹ́fẹ́ dúró. Bí o bá dà á sínú epo, á tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì mu epo. Lórí ọlọ, ìwọ̀nba omi tí ọwọ́ rẹ bá wọ́n sí i ni yóò gbà. Ó máa ń ki, ó máa ń kúnná, ó sì máa ń fà.

Má rẹ ẹ̀wà pẹ́ kí o tó bó o. Kí èèpo ṣáà ti lè yọ ti tó. Bó o tán, yọ gbogbo ojú dúdú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí o wá rẹ ẹ́ kó rọ̀ fún lílọ̀. Ìgbà kìíní lórí ọlọ, fọ́ ọ lásán. Ìgbà kejì ni kí o lọ̀ ọ́ kúnná, pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà díẹ̀. Dà á sínú odó tàbí abọ́ jíjìn, kí o pò ó. Ibi pípò yìí ni àkàrà wà. Pò ó síhà kan náà títí yóò fi wú, tí àwọ̀ rẹ̀ á sì mọ́lẹ̀ sí i. Ju ẹ̀kán kan sínú omi tútù: bí ó bá léfòó, ó ti tó, bí ó bá rì, máa pò ó lọ. Iyọ̀ gbẹ̀yìn, nígbà tí epo ti gbóná. Bí iyọ̀ bá pẹ́ nínú rẹ̀, á tú omi jáde.

Mọ́ínmọ́ín kò nílò wàhálà tó tó bẹ́ẹ̀, ó gba omi. Bílẹ́ńdà lè ṣe mọ́ínmọ́ín tó dára, mi ò ní purọ́. Ẹ̀kuru ńkọ́? Ọlọ ni, tàbí kí o pò ó dáadáa, torí ó fẹ́ kó fúyẹ́.

Ègúsí fún ọbẹ̀, ọlọ ni mo fẹ́ràn jù. Bí o bá lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, òróró rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ègúsí á sì di ara rẹ̀ mú nínú ọbẹ̀. Róbó gan-an, láti inú òróró yìí ló ti wá: yan ègúsí díẹ̀, lọ̀ ọ́ tàbí gún un títí á fi lẹ̀ mọ́ra, fi iyọ̀ àti ata sí i, kí o máa fún un, kí o máa pò ó, títí òróró á fi máa jáde sínú abọ́. Òróró yẹn náà ni o máa fi dín in. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣe èyí fún ọ bí ọwọ́ ṣe ń ṣe é.

Àádùn náà wà níbẹ̀. Àgbàdo yíyan tí a lọ̀ kúnná, epo pupa, iyọ̀. Bí ó bá pọ̀, gbé àgbàdo rẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, kí ó lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ.

Ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ rárá, rírin ni wọ́n ń rin ín. Gbẹ̀gìrì náà kò nílò ọlọ: sè é kó rọ̀ jọ̀jọ̀, ìjábẹ̀ á parí iṣẹ́.

Ìyá_Ológì (Abẹ́òkúta):
Ìyá mi, ẹ kú àlàyé. Ògì ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi.

Ògì tí a ó tà, ẹlẹ́rọ ni. Kò sí ẹni tó máa kúnlẹ̀ lọ kóńgò àgbàdo lórí ọlọ lóde òní, kò sì pọn dandan. Ṣùgbọ́n ògì díẹ̀ fún ọmọ ọwọ́, ẹ lọ̀ ọ́ fúnra yín lórí ọlọ tí kò kan ata rí. Ẹ ṣa àgbàdo, ẹ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ máa yí omi rẹ̀ padà. Àgbàdo tí kò rẹ̀ dénú máa ń fò lábẹ́ ọmọ ọlọ. Ẹ fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kíní, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó silẹ̀ mọ́jú. Omidùn tó wà lókè, àwọn eléwé máa ń fẹ́ ẹ fún àgbo, ẹ má dà á nù láìbéèrè. Eèrí rẹ̀, ewúrẹ́ ló ni ín.

Ibi tí mo ti rí aburú pọ̀ jù ni pé wọ́n lọ ògì lẹ́yìn ata lẹ́nu ẹ̀rọ tí wọn ò fọ̀. Ẹ ní kí ẹlẹ́rọ da omi sí i lójú yín kí ó tó gba tiyín. Bí ó bá bínú, ẹ gbé e lọ sí ibòmíràn.

Alásè_Peckham:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa nílé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má fi ìwọ̀n ẹrù 23 kìlógíráàmù gbé ọlọ wá. Àwọn ará Íńdíà ní òkúta pẹrẹsẹ tiwọn pẹ̀lú òkúta gígùn tí wọ́n fi ń lọ nǹkan lórí rẹ̀, sil batta ni wọ́n ń pè é, ẹ sì lè béèrè rẹ̀ ní Southall. Wọ́n ti ṣá ojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ tù ú lójú bí Ìyá_Alákàrà ṣe wí, kò sí ìyàtọ̀. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ wò ó lọ́dọ̀ àwọn ará Mẹ́síkò: metate wọn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, òkúta òkè ayọnáyèéfín ló sì jẹ́. Ó mú ju ọlọ wa lọ, àmọ́ ihò rẹ̀ pọ̀, ata kì í tètè kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ yan nǹkan kan ṣoṣo tí ẹ ó máa lọ̀ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé lókè àwọn ẹlòmíràn, ẹ ká tówẹ̀lì sábẹ́ rẹ̀, kí ariwo má dà wọ́n láàmú.

Akẹ́kọ̀ọ́_Bahia:
Ẹ kú ìjíròrò. Salvador ní Bahia ni mo wà, níbi tí àkàrà wa ti di acarajé, tí àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun ń dín in nínú epo pupa létí títì. Ní 2005 ni ìjọba Brazil fi iṣẹ́ wọn sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè náà. Ẹ̀wà wọn, oníhóró funfun tí ojú rẹ̀ dúdú ni, bíi tiwa.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ọlọ. Manuel Querino, ọmọ Bahia tó kú ní 1923, ṣàpèjúwe òkúta tí àwọn ìyá Áfíríkà níbẹ̀ fi ń lọ ẹ̀wà. Ó ní gígùn rẹ̀ tó 50 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ rẹ̀ tó 23, ọmọ ọlọ rẹ̀ sì rí roboto gbọọrọ. Ó tún sọ pé wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣá ojú òkúta náà kí ó má bàa dán. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é ní Ṣakí, nílé Ọmọ_Òkè_Ògùn! Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìmọ̀ tí ẹ ń pín níbí yìí ti kọjá òkun, kò sì parun. Ọmọ_Òkè_Ògùn, báwo ni ẹ ṣe ń ṣá a? Òkúta tí mo rà níbí ti dán.

Ọmọ_Òkè_Ògùn:
Inú mi dùn púpọ̀ sí ohun tí ẹ sọ yìí. Bí a ṣe ń ṣe é: tí ojú ọlọ bá ti dán, ata á máa yọ̀ lábẹ́ ọmọ ọlọ láì kúnná. Ẹ fi omi rin ín, kí eruku má fò. Ẹ wọ awò ojú, kí ẹ sì fi aṣọ bo imú, torí eruku akọ òkúta kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, èérún rẹ̀ sì lè fọ́ ojú. Ẹ mú irin líle tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó àti òòlù, ẹ máa kàn án jẹ́jẹ́, kí ojú kọ̀ọ̀kan kéré, kí wọ́n sún mọ́ra, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ má gbẹ́ kòtò. Kòtò á máa fi ata pamọ́ títí á fi rà níbẹ̀. Ẹ ṣá ọmọ ọlọ náà díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ọlọ náà ti di tuntun padà, ẹ gbọ́dọ̀ fi ìrẹsì tù ú lójú kí ó tó kan oúnjẹ.

Ní àwọn ìlú wa létí àpáta, ẹ ṣì lè rí ibi tí àpáta ti jìn gbọọrọ, nítorí orí àpáta gan-an ni àwọn ìyá ìyá wa ti ń kúnlẹ̀ lọ nǹkan. Ilé ń lọ bá ọlọ ni nígbà yẹn.

Àbẹ̀kẹ́_Ìlọrin:
Ẹ má bínú, ìbéèrè kan ló kù. Ìyá ọkọ mi ní ọlọ àtijọ́ kan tí wọ́n fẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n ó ti sán tẹ́ẹ́rẹ́ láti etí wọ àárín. Ṣé kí n gbà á?

Ìyá_Alákàrà (Ìbàdàn):
Gbà á, ọmọ mi, ṣùgbọ́n má lọ nǹkan tútù lórí rẹ̀. Omi ẹ̀wà àti omi ata á wọnú ojú sísán yẹn, á sì kan níbẹ̀. Ata gbígbẹ ni kí o máa fi lọ̀, kí o máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ojú rẹ̀. Má sì gbé e sí ibi tí ọmọdé ti lè fà á wálẹ̀.